Àpò Ìsùn Tó Fúyẹ́ Jù Lọ

Ẹ̀gbọ́n fi ìka kan ṣoṣo gbé àpò ìsùn náà, irú èyí tí èèyàn ń wọnú rẹ̀ sùn, sókè. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n kì sínú rẹ̀, ó fúyẹ́ débi pé bí èèrà bá sín nítòsí, á fò dé ìlú kejì.

"Ṣé á gbani lọ́wọ́ òtútù orí òkè?"

"Bùrọ̀dá mi, inú yìnyín lẹ ó ti máa làágùn! Àmọ́ kí omi má kàn án o." Ìyá oníṣọ́ọ̀bù da omi sórí ọ̀kan tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Kíá ló rọ bí adìẹ tó jìn sí kànga. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá sun inú èyí lókè, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a láàyè."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilé kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ sì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ajá tó ń fa eegun. Lọ́la, tí àwọn méjèèjì bá gun òkè, ìgò omi òun á ṣèèṣì dà.

"Ẹ bá mi dì í. Ẹ̀bùn àbúrò mi ni."

"Ẹni tó jọ yín bí ìbejì yẹn? Ẹ mà fẹ́ràn ara yín o! Irú ẹ̀ lòun náà rà láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n da omi sórí àpẹẹrẹ yìí. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni."