Ẹ̀ka Tó Ṣẹ́

Ọdẹ náà dúró lójijì, ó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan tí wọ́n ṣẹ́ létí ọ̀nà. Oje rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Ìyá Oyèwùmí, wá wò ó! Ọmọ wa gba ibí kọjá!"

"Mo rí i, Bàbá Oyèwùmí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Oyèwùmí ti wọ igbó ẹ̀yìn Ẹ̀rìn-Ilé, tó lọ bá àwọn òyìnbó rélùwéè wá ibi tí ojú irin yóò gbà. Ọdẹ ti ní kó máa ṣẹ́ ẹ̀ka bó ti ń lọ, kó lè rí ọ̀nà padà. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó fi agolo kékeré kan hàn án, tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń tọ́ka ọ̀nà. Agolo yẹn nìkan ni wọ́n rí létí odò. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì ń tọ́ka. Láti ìgbà náà, bí ọdẹ bá ti wọ igbó, kì í fẹ́ wálé mọ́.

"Ó padà gbọ́ tèmi," ló ń wí, bó ti ń tọ àwọn ẹ̀ka náà lọ. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ní Ọ̀fà ni wọ́n mú un dé.

Ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. A ó tún wá a lọ́la."

"Oyèwùmí ga jù mí lọ," ni ọdẹ wí. "Nínú gbogbo ẹ̀ka tí mo rí, kò sí èyí tó ga ju èjìká rẹ lọ."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ọdẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, oje ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Tó o bá ń ṣẹ́ ẹ̀ka lọ́la, jẹ́ kó jìn sílé díẹ̀ sí i."