Ìpàdé Nítorí Oògùn Wa

Òyìnbó tó ń fowó oògùn HIV ránṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, làwọn ọ̀gá àjọ tó ń pín oògùn náà bá pe ìpàdé sí họ́tẹ́ẹ̀lì kan ní Ayọ̀bọ̀.

Owó oògùn ò sí o, ṣùgbọ́n owó họ́tẹ́ẹ̀lì wà.

Oògùn tó kù nílé mi ò lè tó mi lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wọ Màrúwá láti ibùdókọ̀ Command, mo ní kí n lọ béèrè.

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wò mí látòkè délẹ̀. "Mọ́mì, ẹ̀yìn làwọn tó ń gbóúnjẹ wá ń gbà."

Mo ní mi ò gbóúnjẹ wá, èmi náà ń lo oògùn yẹn ni.

"Ah. Ẹ dúró síta ná. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́."

Mo dúró ti báná ńlá alàwòrán tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ wọn látinú sípíkà.

Alága ní, "Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lára báná wa yẹn, nítorí tirẹ̀ la ò ṣe rí oorun sùn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gbọ́ntarìgì kan láti Àbújá ní ká kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀ ná. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìrẹsì dé.

Nígbà tí wọ́n jáde wá ya fọ́tò níwájú báná, mo sún mọ́ Alága. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn ńkọ́?"

Fọtógíráfà ló dá mi lóhùn. "Mọ́mì, ẹ sún díẹ̀ jàre. Ẹ ti bo obìnrin yẹn lójú."

Mo bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán yẹn, wọ́n wé gèlè fún mi, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín dáadáa, kí òyìnbó lè fowó sílẹ̀.

Mo sún kúrò níwájú ojú ara mi.