Bátìrì Ọ̀kadà Oníná

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bátìrì kan fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò ní àtàǹpàkò gbá ìjókòó ọ̀kadà oníná tó fẹ́ rà.

“Irọ́ lò ń pa! Ṣé bátìrì tuntun nìyí?”

“Wàláì, tuntun ni, bọ̀dá,” ni ọlọ́jà tó ń tà á lọ́jà Ṣàngó dáhùn. “Òun nìkan lowó yín sì ká.”

Òṣìṣẹ́ náà ya bébà ara bátìrì. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ rẹ̀. Níléeṣẹ́ wọn, bátìrì tó bá ti kú ni wọ́n ń kùn bẹ́ẹ̀.

“Olè! Ta ló tà á fún ẹ? Ọlọ́pàá ni màá fi mú un!”

“Ẹ má bínú! Ọkùnrin kan tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹrù tó ti bàjẹ́, l'Átàn ni. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ló ń jù wọ́n sóun láti orí fẹ́ńsì iléeṣẹ́ bátìrì, ẹnìkan tí ò ní àtàǹpàkò.”

Òṣìṣẹ́ náà rọra ti ọwọ́ òsì bọ àpò.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni jálẹ̀?”