Ìyẹ̀fun Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Ọdún mẹ́ta ni Mùbárákù fi bá ìyẹ̀fun kírísítálì kan fà á ní yàrá ìwádìí kan ní Accra. Irin àti èròjà mìíràn ló so kọ́ra nínú rẹ̀, ihò tíntìntín sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Tó bá gbẹ, ihò náà á padé, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró. Tó bá mu ọ̀rinrin tó, gbogbo ihò á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, á di píńkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, àmọ́ kírísítálì ò tíì ka ìwé náà.

Ìyá rẹ̀, Àkànkẹ́, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Makola, máa ń gbé wáákyè, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wá fún un láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi í léèrè ohun tó ń wọ̀n. Mùbárákù ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì ń bọ̀ wá wo ìyẹ̀fun náà. Tó bá ṣí lójú wọn, wọ́n á mú òun lọ sí ìlú wọn fún ọdún márùn-ún.

“Tí ò bá ṣí ńkọ́?”

“Mi ò ní lọ nìyẹn, Màámi.”

Ìyá ní kó jẹ́ kí òun ṣàdúrà sí i. Mùbárákù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àwo ìyẹ̀fun náà fún un. Ìyá dijú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, ó fẹ́ èémí ẹnu sí i lẹ́ẹ̀mẹta bí àáfà ti kọ́ ọ, ó gba ọjà lọ.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tí ìyẹ̀fun fi di píńkì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mùbárákù fi ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìyá bá wá ṣàdúrà sí i, ó ṣí lẹ́yìn tó bá lọ tán. Ọjọ́ tí kò bá ráyè wá, kò ṣí. Nígbà tó yá ó yé e: èémí ìyá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lọ́rinrin, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ òun ń fẹ́ sí i kò sì gbóná tó, kò lọ́rinrin tó. Ó tún ẹ̀rọ ṣe. Kò sọ fún ìyá pé ìyẹ̀fun ti ń ṣí, kí gbogbo Makola má baà gbọ́. Ó kàn ní kó máa wá ṣàdúrà sí i.

Àwọn ará Jámánì dé, ìyẹ̀fun ṣí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tó ń lọ, àánú ìyá rẹ̀ ṣe Mùbárákù, ó jẹ́wọ́. “Màámi, àdúrà yín ló ṣí i lóòótọ́ paa.”

Àkànkẹ́ bú sẹ́kún. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ẹkún ayọ̀ ni.

Láràárọ̀ tó ń gbé àwo yẹn sẹ́nu, ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí nǹkan náà má ṣí láéláé, kí ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí má baà lọ.