Fíìmù Tí Bàbá Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Wò

Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Bàbá a máa yan fíìmù kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kì í ṣe fíìmù àwọn òṣèré o. Ó ní irọ́ tó wà láyé ti tó, a kì í tún sanwó wo òmíràn. Fíìmù àwọn èèyàn gidi ló fẹ́ràn, àwọn tó ń fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn ara wọn: apẹja tó kọ̀ tí kò kúrò létí odò tó ń gbẹ, olùkọ́ tó ku ọmọ kan ṣoṣo ní kíláàsì rẹ̀, àwọn erin tó dúró ti egungun ìyá wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń gé irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tó ń to àwòrán pọ̀, tó ń tẹ́ ohùn sábẹ́ rẹ̀. Gé-e-Níbẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nílé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti gùn jù, Ìyá á ní, "Bàbá, ẹ gé e níbẹ̀."

Orí ọkọ̀ akẹ́rù lójú agbami ni ọmọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é pè. Nítorí náà, Bàbá á sọ̀rọ̀ sínú fóònù, á ní kó wo báyìí-báyìí, á sọ ìdí tó fi yẹ ní wíwò, á fi í ránṣẹ́. Tó bá yá, ọmọ náà á fi ohùn tirẹ̀ dáhùn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ á máa kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kì í wo fíìmù kankan nínú wọn. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń dúró dè. Á fa àga sún mọ́ Bàbá, á ti máa rẹ́rìn-ín kí ọmọ náà tó dápàárá rárá. Bí ìdáhùn bá pẹ́, kì í lè jẹun.

Àbúrò ọmọkùnrin náà, obìnrin, ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ìgbì ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lórí ọkọ̀. Òun ni àwọn tó ni ọkọ̀ pè. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́, fóònù rẹ̀ sì wà nínú ẹrù náà. Dókítà ti kìlọ̀ ṣáájú pé ọkàn Bàbá ò gba ìròyìn burúkú mọ́, pé kí wọ́n máa gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọbìnrin náà sunkún títí ní balùwẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fọ ojú, ó wálé, ó bá wọn jẹun. Kò lè sọ fún Ìyá náà, torí abiyamọ tí ọmọ kú fún kò lè fi ẹkún pamọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń sùn.

Gbogbo ohùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ rí ló wà nínú fóònù yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ó mú "Bàbá, mo ti wò ó" níbí, ó mú "ó wọ̀ mí lọ́kàn" lọ́hùn-ún, ó fi "ẹ bá mi kí Ìyá" kún un, ó so wọ́n pọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ nígbà tó wà lọ́mọdé: tí o bá gé ohùn, wá ìró kan tí kò já, kí o tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí á gbọ́ ojú àpá. Níbo ni yóò ti rí irú ìró bẹ́ẹ̀? Níbì kan ẹ́ńjìnnì á ròkè, níbì kejì á rọlẹ̀ lójijì. Ó fi í ránṣẹ́ sí Bàbá bẹ́ẹ̀ láti orí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní kí wọ́n tún fi í sí i. Lẹ́yìn náà ó ní ooru ń mú òun, kí wọ́n tan fáànù. Òjò ń rọ̀ níta. Láti ọjọ́ náà, ohùn ọmọ náà ò gbọdọ̀ dún láìjẹ́ pé fáànù ògbólógbòó yẹn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìyá á fi aṣọ bora, á ní ó jọ pé Bàbá fẹ́ fi òtútù pa òun kó lè fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ọmọbìnrin náà gbà pé etí Bàbá ti ń lọ ni.

Ó tún rí i pé Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Àwọn fíìmù tó ti yàn rí ló tún ń yàn: ti apẹja, ti olùkọ́, ti erin. Ó dun ọmọbìnrin náà, ó sì tún tù ú lára, torí ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wà nílẹ̀ nínú fóònù. Bàbá ò sì béèrè mọ́ ìgbà tí ọmọ náà ń bọ̀ wálé. Ìyá ló ń béèrè. Bàbá á ní kó fọkàn balẹ̀, òkun ò ní kàlẹ́ńdà.

Nígbà tó di Sátidé kan, Bàbá ò sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Ó pe ọmọbìnrin náà sí yàrá, ó ní tirẹ̀ ni fíìmù ti ọ̀sẹ̀ yìí, láti inú fíìmù kan tí òun gé nígbà tí ojú òun ṣì ń ríran dáadáa, lórí àwọn atukọ̀. Ó fi fláàṣì kékeré kan lé e lọ́wọ́.

"Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe," ó ní, "èyí ló máa wúlò fún ọ jù."

Ọmọbìnrin náà fi í sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán ò sí níbẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi nìkan ni, ó ń kùn lọ, kò ròkè, kò rọlẹ̀. Ó sún un síwájú, ìró kan náà ni. Àánú Bàbá ṣe é. Ó ní arúgbó ti ṣi nǹkan mú, ó sì gbé e padà lọ.

Ìyá ń kọrin ní kíṣìnnì, ó ń dúró de ìdáhùn fíìmù ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ ṣì í mú. Kò sí fíìmù nínú rẹ̀."

Bàbá mi orí, ó sì ká ìka ọmọ rẹ̀ bo fláàṣì náà.

"Tẹ́ ẹ sábẹ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ," ó ní, "fáànù yẹn ti fẹ́ bàjẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ojú ibi tí o ti ń gé e."