Ohun Tí Wọ́n Ń Rí ní Nha Trang

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1988, Fàúsátù gbé oyún rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ápátímẹ́ǹtì ìsàlẹ̀, kó lè rí ohun tó máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Liên, aránṣọ, ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Nha Trang ni, ìlú etí òkun kan ní Vietnam. Lẹ́yìn ogun ló bá ọkọ̀ ojú omi sá kúrò níbẹ̀ kó tó bá ara rẹ̀ ní Houston. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

"Mo ti sọ etíkun," ni Fàúsátù wí. "Mo ti sọ igi àgbọn. Mo ti sọ ọjà ẹja. Kí ló kù?"

Liên gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé gogoro oníbíríkì wà lórí òkè, létí odò. Ayé àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ń sun tùràrí níbẹ̀. Tó o bá dúró lókè yẹn, wàá rí ọkọ̀ àwọn apẹja nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn rí roboto bí apẹ̀rẹ̀. Oparun ni wọ́n fi hun ún."

"Apẹ̀rẹ̀, lórí omi?"

"Wọ́n fi oje igi kùn ún. Kì í rì." Liên fọwọ́ kàn án lápá. "Má bínú."

Fàúsátù ní kò sí nǹkan.

Omi ló gbé Shamsudeen, ọkọ rẹ̀, lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ló ti ń ṣiṣẹ́. Nha Trang ló ní àwọn ń lọ nígbà tó pè kẹ́yìn, ìjì sì jà wọ́n lọ́nà. Ọ́fíìsì ọkọ̀ pe Fàúsátù nígbà tó ku díẹ̀ kí Màmá, ìyá Shamsudeen, dé láti Èkó wá dúró tì í títí yóò fi bímọ.

Màmá ò ní ọmọkùnrin mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn. A kì í sì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀ nílùú tí kò ti sí ẹbí tí yóò dì í mú. Fàúsátù pinnu pé Màmá á kọ́kọ́ padà délé ná. Kò sọ fún Yorùbá kankan ní Houston, nítorí ọ̀rọ̀ kì í sùn láàárín wọn. Ohun tó sọ fún Màmá ni pé fóònù kì í ti Vietnam wọ Amẹ́ríkà. Òótọ́ sì ni. Liên nìkan ló mọ ìyókù.

Nígbà tó padà sókè, Màmá wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fóònù. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Bó bá ti dún, Fàúsátù ò ní tíì dìde tí Màmá á ti gbé e. Fàúsátù kì í lè wo ojú wọn nígbà náà.

"Ìyàwó mi, kí lọkọ rẹ ń rí níbẹ̀ lónìí?"

"Liên ní ilé gogoro kan wà lórí òkè, Màmá. Àwọn tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ máa ń gùn ún lọ wò ó."

"Shamsu gun òkè? Èyí tí mo bí yìí, tí kì í gun àtẹ̀gùn ilé wa àfi tí mo bá mú pàṣán?"

Fàúsátù rẹ́rìn-ín. "Wọ́n tún ń jẹ ìtẹ́ ẹyẹ. Wọ́n ń sè é lọ́bẹ̀."

"Ìtẹ́! Ẹyẹ náà ńkọ́?"

"Ó ti fò lọ."

"Ẹ ò rí wèrè. Wọ́n fi ẹran sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ilé ẹran." Màmá bu ẹja kún àwo rẹ̀. "Jẹun jàre. Ẹni méjì lò ń bọ́."

Wọn ò béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra. Wọn ò béèrè rí, Fàúsátù sì máa ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀. Nígbà tí Màmá kírun, wọ́n pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji Moshood, olórí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wọn, wa mọ́tò láti Richmond, ìlú kan nítòsí Houston, wá kí wọn.

"Fàúsátù, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o." Alhaji wo ikùn rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ọlọ́run tó ń fún ni náà ló ń—"

"Alhaji, ẹ mu omi!"

"Alhaji, ẹ jókòó!"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìyàwó àti ìyá ọkọ fi sọ ọ́. Alhaji jókòó, ó mu omi.

"Ṣẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ níbi tí ọmọ yín wà?" ni Màmá wí. "Ìtẹ́ ẹyẹ."

"Ìtẹ́ ẹyẹ," ni Alhaji tún wí.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Alhaji. Ẹ̀fẹ̀ ni."

Alhaji rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi ní òun ń lọ. Fàúsátù dìde kó lè sìn ín, kó sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, bó bá ti gbọ́ ohunkóhun, kó pa á mọ́ra.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Àtẹ̀gùn yẹn ga jù fún ẹ. Èmi ni n óò sìn wọ́n."

Fàúsátù dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Wọ́n pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó di irin fèrèsé mú, ó ń retí kí Màmá ṣubú. Ṣùgbọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Màmá wọlé. Wọ́n ní mọ́tò Alhaji dọ̀tí bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ọkàn Fàúsátù balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tó fi bí ọmọkùnrin ní ọsíbítù. Màmá gba ọmọ náà, wọ́n wo iwájú orí rẹ̀ títí. Fàúsátù pajú dé. Kò fẹ́ kí wọ́n bi í ẹni tọ́mọ náà jọ.

Kò sùn. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin, ó sì gbọ́ ohùn Alhaji Moshood tó ń kí Màmá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Alhaji," ni Màmá wí, "ó ti sọ̀ láyọ̀, kò sí oyún tí ẹkún máa bà jẹ́ mọ́, ẹ rọra jí i kẹ́ ẹ túfọ̀ ọkọ ẹ̀ fún un, torí Èkó ni ọ́fíìsì ọkọ̀ ti pè mí, ibẹ̀ ni mo sì ti gbé ikú ọmọ mi mọ́ra wá síbí, ẹ̀rín tí mo sì ń bá a rín ti tán lẹ́nu mi."