Ìdọ̀bálẹ̀ Oyèníran Nínú Ọgbà Ìgbádùn

Ilẹ̀ ọgbà ìgbádùn Ẹ̀pẹ́ kì í fẹ́ kí ìran kọjá lójú ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá ti kúrú, ilẹ̀ á rọra gbé e sókè kó lè ríran.

Màmá mi ò kúrú tó ẹni tí wọ́n ń gbé, wọn ò sì ga tó ẹni tó ń ríran. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iná aláràbarà dárà lórí ọ̀sà, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin gìrìpá ni wọ́n dúró sí, wọ́n fajú ro. Oyèníran, àfẹ́sọ́nà mi tí wọn ò tíì rí rí, ló ní òun á tètè wá gba àyè fún wa, àmọ́ kò tíì dé.

“Ṣé ẹni tó o fẹ́ fẹ́ nìyí?” ni wọ́n bi mí.

Ìgbà náà ni Oyèníran sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. Bó ṣe rí màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ rò pé ọmọ jòjòló ni, ló bá gbé e sókè fìrì kọjá orí gbogbo èèyàn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà! Ẹ má bínú mà! Ilẹ̀ ló gbé mi!”

Ta ló ń kí ìyá ìyàwó láti òkè?

Báńgà àkọ́kọ́ bú gbàù. Erin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ọ̀sà.

“Mà, mò ń rí gbogbo ẹ̀ látibí o!”

Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Yẹtí mi já bọ́,” ni wọ́n wí, wọ́n sì kúnlẹ̀.

Yẹtí méjèèjì ń dán létí wọn bí ilẹ̀ ṣe ń gbé wọn lọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o! Ìwọ, kí lo dúró ń wò? Kúnlẹ̀, kó o kí ọkọ rẹ!”